Bẹ́líìtì Mẹ́jọ, Orúkọ Méje

"Bẹ́líìtì mẹ́jọ ló wà nínú agbọ̀n, orúkọ méje ló wà nínú ìwé," ni kọ́ńsítébù obìnrin tó jókòó sí káńtà wí. "Ẹ bá mi kà á, sà. Àbí ojú mi ló ń ṣe ségesège?"

Ínsípẹ́kítọ̀ ò tíì rí ibi gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Aago méje àárọ̀ ò tíì lù, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó wo agbọ̀n oníke náà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó bẹ́líìtì àti okùn bàtà àwọn tí wọ́n bá tì mọ́lé sí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Òfin ni. Olè ni o, gbájúẹ̀ ni o, ẹni tó fọ́ orí ọmọ ìyá rẹ̀ ni o, bó bá ti wọlé, bẹ́líìtì á kúrò ní ìdí, wọ́n á so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó wà ní káńtà á sì máa yọjú wò ó ní wákàtí wákàtí.

"Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ló gbàgbé tirẹ̀ síbẹ̀," ni Ínsípẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. "Ẹni tí oorun ń kùn báyẹn, kì í ṣe bẹ́líìtì nìkan ló lè gbàgbé. Ó lè gbàgbé orí."

"Ṣé ó wá fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú délé ni, sà?"

Ínsípẹ́kítọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn Ọ̀gá àgọ́ bú jáde láti inú yàrá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

"Ẹ bá mi pe Kílósọ! Ẹ bá mi pè é kíákíá!"

Kílósọ ni orúkọ tí gbogbo àgọ́ fi ń pe Ínsípẹ́kítọ̀, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n bí. Bí o bá sọ fún un pé ọkùnrin kan halẹ̀ mọ́ ọ, á ní, "Kí ló sọ?" Bí o bá ní, "Ó halẹ̀ mọ́ mi ni mo wí," á ní, "Mo gbọ́. Ìyẹn ìtumọ̀ tí ìwọ fún un. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an ni mo fẹ́." Ọdún méjìlélógún ló ti ń fi ìbéèrè yìí mú ọ̀daràn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó bi í tí kò bi í, ọjọ́ náà kò sì jẹ́ kó sùn mọ́.

Ọ̀gá àgọ́ kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó jù ú lọ nípò, nítorí náà àwọn méjèèjì ló ń fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí àna méjì.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn ti sọnù," ni Ọ̀gá wí. "Sájẹ́ǹtì tó ń tọ́jú rẹ̀ náà ti sọnù. Ẹ fi méjì kún méjì fún mi."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí méjì àkọ́kọ́ ná, Ọ̀gá."

Ọ̀gá to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní aago márùn-ún ìdájí, gbogbo ìbọn ti wọlé, Sájẹ́ǹtì ti fọwọ́ sí ìwé. Ní aago mẹ́fà tí àwọn ti òwúrọ̀ wá gba ìbọn, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Kò sí Sájẹ́ǹtì. Fìlà rẹ̀ wà lórí àga, fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ti pa á. Oríléeṣẹ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì, ọkọ̀ wọn ò sì lè dé kí ó tó di ọ̀sán.

"Ẹni tó ń sá lọ, ṣé fìlà ló máa fi dágbére?" ni Kílósọ béèrè.

"Ó fẹ́ kí a rò pé kò jìnnà ni. Ó ti ta kọ́kọ́rọ́ yẹn. Bí agogo méjìlá bá lù tí n kò rí i, n ó kéde rẹ̀ lórí gbogbo rédíò ọwọ́ pé olè ni, à ń wá a."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rántí Aláwàdà."

Wọn kì í dárúkọ yẹn nínú àgọ́.

"Ìyẹn yàtọ̀," ni Ọ̀gá wí. "Àìsàn ló ṣe Aláwàdà."

"Kí lorúkọ àìsàn náà?"

Ọ̀gá kọjú sí fèrèsé. Kílósọ jáde.

Àga Aláwàdà ṣì wà nínú yàrá Kílósọ, ní iwájú tirẹ̀ gan-an. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kojú sí ara wọn. Ẹni tó lè mú afurasí rẹ́rìn-ín títí á fi jẹ́wọ́ ni Aláwàdà. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ó gbé àpò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Mo lọ o." Kílósọ kò gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ó ní, "Ta ló ń lé ọ?" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n wá sọ pé Aláwàdà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nínú ìwé tí àgọ́ kọ, wọ́n pè é ní ikú òjijì.

Mo lọ. Kílósọ ti yí ọ̀rọ̀ méjì yẹn wò títí ó fi gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì á ní mò ń bọ̀. Ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá á ní mò ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Aláwàdà fi ọ̀rọ̀ méjì sọ fún un pé òun ò padà mọ́, òun, Kílósọ gan-an, kò sì gbọ́.

Sájẹ́ǹtì ló gbé ìbọn fún Aláwàdà ní ọjọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Bí ọkùnrin yẹn bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti sọ òun di olè, Kílósọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè parí sí. Wákàtí márùn-ún ló ní.

*

Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Òun ló tún ìde, irin tó gbé ilẹ̀kùn yàrá ìbọn dúró, ṣe ní ọ̀sán àná.

"Wọ́n ní mo fi ọṣẹ tẹ àwòrán kọ́kọ́rọ́," ló wí. "Ọ̀gá, ẹ wo bàtà mi. Bí mo bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣé bàtà tó ń ya ẹnu bí ẹja yìí ni n ó wọ̀?"

"Ta ló dúró tì ọ́ nígbà tí ò ń ṣiṣẹ́?"

"Sájẹ́ǹtì. Kò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mi."

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn bá mi ṣàwàdà."

"Àwàdà wo? Kí ló sọ gan-an?"

Wẹ́dà fẹ́ họ orí, irin mú ọwọ́ rẹ̀. "Ó ní, 'Wẹ́dà, ṣé o lè jó ilẹ̀kùn yìí pọ̀ mọ́ férémù rẹ̀ pátápátá, kó má ṣe é ṣí mọ́?' Mo ní, 'Sájẹ́ǹtì, kí lẹ máa wá fi lé olè, ọ̀pá ìgbálẹ̀?' Mo rẹ́rìn-ín."

"Òun ńkọ́?"

"Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ó dáa. Ṣe ìde náà nìkan.'"

Kílósọ dìde. "Ẹ tú u sílẹ̀," ló wí fún kọ́ńsítébù. "Ẹni tó bá rọ ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ kì í jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ sọnù. Ṣebí kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀."

Ojúlówó olóbó, bí Ọ̀gá ṣe pè é, dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù ní òdìkejì títì sọ pé òun rí ọlọ́pàá kan tí kò dé fìlà, tó gun alùpùpù ní ìdájí, tó sì forí lé ọ̀nà gáráàjì.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni Ọ̀gá ké. Ó rán ọkọ̀ méjì lọ. Kílósọ bá wọn dé gáráàjì, ó bi àwọn awakọ̀, ó bi àwọn agbèrò, ó wo inú bọ́ọ̀sì mẹ́rin. Wákàtí kan ààbọ̀ lọ sínú òfo. Awakọ̀ kan ní òun rí ọlọ́pàá mẹ́ta láàárọ̀, gbogbo wọn ló dà bí ẹni tí wọ́n gbé jí láti ibojì, èwo ni kí òun mọ̀ nínú wọn?

Kílósọ ò bínú sí i. Òótọ́ ni.

*

Ìyàwó Sájẹ́ǹtì ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Nígbà tó rí Kílósọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì dúró sínú aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sọ ọ́."

"Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ, ìyàwó wa. Mò ń wá a ni. Ẹ jókòó."

Ó ti jókòó tẹ́lẹ̀. Ó nu ojú pẹ̀lú ègé aṣọ kan, ó ní, "Ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́ta, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń kà á. Látìgbà tí ọ̀rẹ́ yín ti kú, kò ní ìsinmi ọjọ́ kan. Ó ní kò sẹ́ni tó máa dúró fún òun. Bó bá dùbúlẹ̀, ńṣe ló máa ń na tàntàn bíi pákó, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀. Ó máa ń dìde lọ fọ ọwọ́. Mo ní kí lo fọwọ́ kàn? Ó ní òun fọwọ́ sí ìwé."

"Ṣé ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni n ó sọ fún? Wọ́n á ní orí ọkọ mi ti yí. Wọ́n á gba aṣọ ìjọba lára rẹ̀. Kí la máa jẹ?"

Ìbéèrè tó kàn wúwo lẹ́nu Kílósọ. "Nígbà tó ń kúrò nílé lánàá, kí ló sọ?"

"Ó dágbére."

"Mo mọ̀. Kí ló sọ gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́..."

"'Òun ń lọ'? Ọ̀rọ̀ tó lò nìyẹn? Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ronú."

Obìnrin náà di ojú. Nígbà tó là á, ìyàlẹ́nu wà nínú rẹ̀. "Rárá. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá fa ẹsẹ̀ padà sínú ilé. Ó ní, 'Mò ń bọ̀.' Mo ní ó dáa. Ó tún ní, 'Ṣé o gbọ́? Mo ní mò ń bọ̀.' Bí ẹni pé mo bá a jiyàn."

Kílósọ gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ lọ kì í tẹnu mọ́ bíbọ̀. Ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jà ló ń wí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíràn lè bá a di apá kan rẹ̀ mú.

"Ìyàwó wa, ẹ ti ẹ̀rọ yín. Ẹ máa bọ̀ ní àgọ́."

*

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló padà dé káńtà. Ó pe ọlọ́pàá tó wà ní káńtà mọ́jú lórí fóònù. Ohùn oorun ló dáhùn.

"Ìwọ lo gun alùpùpù gba ọ̀nà gáráàjì ní ìdájí?"

"Èmi ni, sà. Ibẹ̀ ni ilé mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fìlà rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpò, sà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà gáráàjì parí sí nìyẹn. Kílósọ fẹ́ pa fóònù kó tó rí agbọ̀n oníke náà lórí káńtà. "Dúró. Ṣé o gbàgbé bẹ́líìtì rẹ síbí?"

"Bẹ́líìtì? Mò ń wò ó báyìí, sà. Ó wà lórí ìṣó."

Kílósọ gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kọ́ńsítébù obìnrin náà ń wò ó.

"Gbogbo wa ti ń wá ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn láti òwúrọ̀," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí i. Ẹni tó bẹ wẹ́dà pé kó jó ilẹ̀kùn pa, kí ló fẹ́? Ó fẹ́ kó wà ní títì. Mọ́ ta ni? Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Mọ́ òun fúnra rẹ̀ ni."

"Kò yé mi, sà."

"Bí ìwọ bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ síbi tí ọwọ́ ara rẹ ò ti ní tó o mọ́, nínú àgọ́ yìí, ibo lo máa fi sí?"

Kọ́ńsítébù ronú. Ojú rẹ̀ yí sí ẹnu ọ̀nà yàrá Kílósọ.

Kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀rí ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Aláwàdà. Irin ni, ó sì ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lókè bí ẹnu àpótí lẹ́tà, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lè ju ẹ̀rí kékeré sí i. Ohun tó bá ti bọ́ sínú rẹ̀, Kílósọ nìkan ló lè mú un jáde. Ó ṣí i. Àpòòwé kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo yòókù. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n sì ti kọ ọ̀rọ̀ sí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lójú rẹ̀, bí òfin ti wí, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó mọ́ tónítóní.

Ohun tí a gbà: kọ́kọ́rọ́ kan.
Ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: èmi.
Ẹni tó gbà á: èmi náà.
Ìdí tí a fi gbà á: kí n má baà lò ó.

Kọ́ńsítébù fi ọwọ́ bo ẹnu. "Níbo ló wà, sà?"

"Bẹ́líìtì mélòó lo sọ fún mi láàárọ̀ pé ó wà nínú agbọ̀n? Mo sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

*

Yàrá àtìmọ́lé kan wà lẹ́yìn tí wọn kì í lò, nítorí òrùlé rẹ̀ ń jò. Kẹ̀kẹ́ jákujàku ni wọ́n kó síbẹ̀. Àgádágodo rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè na ọwọ́ láti inú, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì pa. Àwọn ọlọ́pàá ti wá igbó, wọ́n ti wá gáráàjì, wọ́n ti wá ilé ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó ronú láti wo àtìmọ́lé, torí pé olè ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àwọn kẹ̀kẹ́. Bàtà rẹ̀ ò ní okùn.

"Ọ̀gá," ló wí. "Ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Ẹ má fún mi o. Bí mo bá tilẹ̀ bẹ̀ yín."

"Mi ò ní fún ọ." Kílósọ dúró lẹ́nu irin. "Kí ló gbé ọ débí, àbúrò mi?"

"Mo rò ó títí. Gbogbo ibi tí mo lè lọ, èmi nìkan ni n ó wà níbẹ̀. Nínú àgọ́ yìí, àwọn tí a tì mọ́lé nìkan là ń ṣọ́ kí wọ́n má pa ara wọn. Mo ní kí n wá síbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ èèyàn." Ó rẹ́rìn-ín kan tó gbẹ. "Àmọ́ kò sẹ́ni tó yọjú. Mò ń gbọ́ tí Ọ̀gá ń pè mí ní olè."

"Orúkọ yín ò sí nínú ìwé," ni kọ́ńsítébù wí, omijé ti gba ojú rẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, Sájẹ́ǹtì, mi ò mọ̀."

"Mo gbé bíírò. Ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ ọ́."

Kílósọ bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi ara wọn rí nínú ilé náà. Kò yí i lórúkọ padà.

"Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?"

"Mò ń rò ó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ohùn Sájẹ́ǹtì rọlẹ̀. "Mi ò fẹ́ kú, Ọ̀gá. Ó rẹ̀ mí ni. Kò tíì rẹ̀ mí báyìí rí."

Kílósọ tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó nà án sí kọ́ńsítébù. "Fi sínú agbọ̀n. So orúkọ mi mọ́ ọn. Mú kọ́kọ́rọ́ ibí wá." Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, ó jókòó ti Sájẹ́ǹtì lórí ilẹ̀ olómi náà. Ó sọ ọ̀rọ̀ méjì tí Aláwàdà sọ fún un, àti èsì tí òun fún Aláwàdà. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Èmi fọwọ́ sí ìwé," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Èmi ò gbé ojú sókè," ni Kílósọ dáhùn.

Ibi tí Ọ̀gá bá wọn nìyẹn nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì, pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́.

"Kí lẹ̀ ń ṣe nínú àtìmọ́lé?"

"À ń sinmi, Ọ̀gá."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Olè ńkọ́?"

"Kò sí olè. Ọlọ́pàá kan rí ewu, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó léwu, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti ẹni náà mọ́lé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe." Kílósọ na àpòòwé sí i.

Ọ̀gá kà á. Ó tún un kà. Rédíò hó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan ní oríléeṣẹ́ ń béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kéde. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. "Kò sí ìkéde," ló wí. "Ẹ rán ẹni tó máa gba iṣẹ́ yàrá ìbọn wá. Lónìí." Ó pa á. Lẹ́yìn náà ló sọ, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, "Mo sọ láàárọ̀ pé àìsàn ni."

"Àìsàn náà ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá dókítà tó mọ orúkọ rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́ jáde. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Sájẹ́ǹtì ń wọ́ bàtà aláìlókùn nílẹ̀, ó kọjá káńtà, ó kọjá bẹ́ǹṣì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó fa ẹsẹ̀ padà.

"Mò ń bọ̀," ló wí.

Kílósọ ti gbọ́ ọ kedere. Ó gbé ojú sókè, ó wò ó tààrà.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mò ń bọ̀, Ọ̀gá."